Ọta Kan Lọ́fun Ìbọn Zakar

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni purọ́ fún yín, kò sí ìbọn tó ṣófo láyé yìí. Èmi Lukeria ni mo wí bẹ́ẹ̀. Kó tó di oṣù karùn-ún tó kọjá, bí ẹnì kan bá sọ irú ọ̀rọ̀ yìí lójú mi, màá fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Màá ní ará ìlú ńlá Anchorage ni, àwọn tó jẹ́ pé inú àwòrán ni wọ́n ti ń rí béárì. Ẹnu mi mú, mo mọ̀. Zakar ọkọ mi máa ń sọ pé ẹnu mi nìkan tó lé béárì lọ láì yìnbọn.

Ọ̀rọ̀ ọmọ ọmọ mi ló gbé mi dé ibi tí mo dé. Feona lorúkọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́fà, eyín iwájú rẹ̀ méjèèjì ti ká. Marfa tó bí i, ọmọ mi kan ṣoṣo, àìsàn ló mú un lọ ní Anchorage ní oṣù kọkànlá. Nígbà tó di oṣù kejì, Zakar náà dákẹ́. Òkú méjì láàárín òtútù kan! Mi ò tíì sunkún ti ọmọ tán tí ti bàbá fi dé. Feona wà lọ́dọ̀ Renae, àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin, nítorí bàbá ọmọ náà fúnra rẹ̀ kò sí níbi tí ẹnikẹ́ni lè pè é. Renae wá ní òun fẹ́ gba ọmọ náà pátápátá, kó di tòun. Mo ní kò lè ṣẹlẹ̀ lójú mi láyé. Bí ọ̀rọ̀ ṣe di ti kóòtù nìyẹn, adájọ́ sì dá ọjọ́ Ìṣẹ́gun fún wa, aago mẹ́sàn-án àárọ̀, ní Anchorage. Agbẹjọ́rò mi kìlọ̀ fún mi pé kí n má ṣe gbìyànjú láti sọ tèmi lórí fóònù. Ó ní adájọ́ yẹn fẹ́ràn kó máa wo ojú ènìyàn.

Kó tó dọjọ́ náà, ìjọba rán obìnrin kan sí mi láti wá wo ilé mi. Mísì Haldorsen ni wọ́n ń pè é, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó rí sí ibi tí ọmọ máa gbé. Ọjọ́ Àìkú ló dé, lẹ́yìn ìsìn. Ó wo bẹ́ẹ̀dì, ó wo sítóòfù, ó ṣí fìríìjì, ó ka ẹja inú rẹ̀ bí ẹni fẹ́ rà á. Mo ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo rẹ̀, ẹ̀rín tó ń dun ẹ̀rẹ̀kẹ́. Nígbà tó kan ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó dúró.

"Màmá, ìbọn nìyí?"

"Kí lẹ rò pé ó jẹ́, ìgbálẹ̀?"

Ó ti jáde lẹ́nu mi kí n tó rántí pé ẹnu obìnrin yìí ni ọ̀rọ̀ ọmọ ọmọ mi wà. Mo fi ẹ̀rín bò ó. Òun ò rín.

"Ṣé ọta wà nínú ẹ̀?"

"Rárá o! Lọ́la gan-an ló sì ń lọ. Mò ń gbé e lọ fún Trefon, àbúrò ọkọ mi, ní Anchorage. Kò ní sùn nílé yìí mọ́."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ó ní, ó sì kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀.

Ọta wà nínú ìbọn náà, mo mọ̀. Ta ló ń fi ìbọn tó ṣófo sẹ́yìn ilẹ̀kùn nílùú tí béárì ti ń wọ ilé tí a ń kó ẹja gbígbẹ sí? Àmọ́ mo rò ó pé kí ilẹ̀ tó mọ́, irọ́ náà á ti di òótọ́, kò sì sí ẹni tó máa mọ ìyàtọ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo gbé ìbọn náà lé itan, mo ṣí irin tó wà lábẹ́ ikùn rẹ̀ bí mo ṣe máa ń rí i kí Zakar ṣí i. Ọta já bọ́ sórí yẹ̀rì mi. Ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin. Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ Zakar ni mo ti mọ̀ pé mẹ́rin ni ikùn ìbọn yẹn ń gbà. Mo kó wọn sínú páálí wọn, mo fi páálí sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Mo gbé ìbọn sínú àpótí líle tí Trefon fi ránṣẹ́, mo fi àgádágodo méjì tì í, mo so kọ́kọ́rọ́ mọ́ okùn àgbélébùú tó wà lọ́rùn mi. Òfin ni pé ẹni tó ni ìbọn ni kó mú kọ́kọ́rọ́ dání, kì í ṣe ẹlòmíì. Inú mi dùn sí ara mi. Mo tilẹ̀ ń kọrin.

Yàrá kan ṣoṣo ni pápá bàálù wa, sítóòfù, kọfí, àti àga bíi mẹ́wàá. Bàálù aago mẹ́wàá ni mo fẹ́ wọ̀. Tọ̀sán wà lóòótọ́, àmọ́ kùrukùru ti ń wọ́ bọ̀ láti ojú òkun, gbogbo ẹni tó wà nínú yàrá náà ló sì mọ̀ pé tọ̀sán ò ní gbéra. Títì ò sì lọ láti ọ̀dọ̀ wa dé Anchorage. Bí mo bá pàdánù ti aago mẹ́wàá, mo pàdánù adájọ́ nìyẹn.

Olinka ló wà nídìí tábìlì. Ọmọ àná ni, ẹgbẹ́ Marfa mi ni, ilé mi ni wọ́n ti ń jẹ bisikíìtì mi tán.

"Ẹ káàárọ̀, Ìyá Marfa. Ìbọn nìyẹn?"

"Ìbọn ni."

"Ti Bàbá Marfa?"

"Tiẹ̀ ni."

"Ó ṣófo?"

"Ó ṣófo."

"Ẹ fọwọ́ síbí."

Mo fọwọ́ sí i. Wọ́n gbé àpótí náà jáde síta, ó parí. Àwọn bàálù ńlá ní ẹ̀rọ tó ń wo inú ẹrù, àmọ́ tiwa yìí, olójókòó mẹ́sàn-án, ẹnu ẹni ni ẹ̀rọ. Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n máa bi ẹ́. Bí ẹnì kan bá bi ọdẹ lẹ́ẹ̀mejì bóyá ìbọn rẹ̀ ṣófo, ó ti pè é ní òpùrọ́ nìyẹn. Ọmọkùnrin kan tó ti ìlú ńlá wá ṣiṣẹ́ nídìí tábìlì yẹn nígbà kan dán an wò. Gbogbo ìgbà ẹja lọ́dún yẹn, kò sẹ́ni tó kí i.

Ohun tó kù ni ìwọ̀n. Bàálù kékeré, wọ́n gbọ́dọ̀ wọn ènìyàn tẹrù tẹrù kí wọ́n lè mọ ibi tí wọ́n máa fi olúkúlùkù sí. Mo gun òṣùwọ̀n pẹ̀lú bàtà yìnyín mi àti kóòtù.

"Olinka, kà á sókè!" Simeon ló pariwo láti ìdí sítóòfù. "Kí awakọ̀ mọ̀ bóyá kó sọ epo díẹ̀ nù!"

Simeon yìí, mọ̀lẹ́bí Zakar ni, bàbá Gusti tó ń kó ẹrù sínú bàálù. Ìyàwó wa ló ń pè mí láti ọjọ́ ìgbéyàwó, kò sì tíì rí ọjọ́ kan kó má fi mí ṣe ẹlẹ́yà. Ó ń lọ fi eyín tuntun sẹ́nu ní Anchorage.

"Bàbá Gusti, ẹ pa ẹnu yín dé," mo ní, "kí èyí tó kù níbẹ̀ má baà já bọ́ sínú kọfí."

Gbogbo yàrá rẹ́rìn-ín. Èmi náà rín, títí mo fi yíjú, tí mo rí Mísì Haldorsen ní àga kẹta sí mi. Bàálù kan náà ló ń bá wa wọ̀. Ìwé tó kọ nípa ilé mi wà lórí orúnkún rẹ̀, ó ń kà á, ó ń fi bírò fa ìlà sábẹ́ ibì kan. Mo jókòó wọ́ọ́rọ́. Mo kó ẹsẹ̀ mi jọ bí ọmọ ilé ìwé.

Àfi kí Simeon máa sọ̀rọ̀ ṣá. Bí kò bá rí ẹni tó mọ̀ ọ́n, á bá ẹni tí kò mọ̀ ọ́n sọ ọ́.

"Mísì," ó ní, "ẹ ò mọ Zakar, ọkọ ìyá yìí. Ọkùnrin ni! Lọ́dún tí béárì já wọ ilé ẹja mi, èmi ń túlé kiri, mò ń wá ọta bí ẹni ń wá eegun nínú ọbẹ̀. Zakar kàn gbé ìbọn sí èjìká ni, gbàà! Kò ki nǹkan kan, kò fa irin kankan sẹ́yìn. Béárì ti sùn. Mo ní, 'Zakar, báwo lo ṣe yára báyìí?' Ó ní, 'Mẹ́rin ń sùn nínú ikùn ẹ̀, ọ̀kan ń ṣọ́ ọ̀fun.' Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn o! Zakar ò fi ọ̀fun ìbọn yẹn sílẹ̀ lófìfo rí, ọjọ́ kan ṣoṣo."

Mísì Haldorsen rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó padà sínú ìwé rẹ̀.

Èmi ò rín. Kọfí tó wà lọ́wọ́ mi ń dà sí mi lórí bàtà, mi ò mọ̀. Mo ṣí ikùn, mẹ́rin já bọ́. Mi ò wo ọ̀fun. Olúwa mi o, mi ò wo ọ̀fun! Ọ̀fun ni ọta tó ti múra tán ń wà, tó jẹ́ pé fífà ló kù. Ọgbọ̀n ọdún ó lé ni mo fi gbé pẹ̀lú ọkùnrin yẹn. Ojú mi ló ṣe máa ń ki márùn-ún. Mẹ́rin tí mo kà dùn mọ́ mi débi pé mi ò wá ìkarùn-ún.

Mo gbé. Mo sọ ọ́ nínú ara mi bẹ́ẹ̀, mo gbé, mo gbé.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó. Bí mo bá la ẹnu, Olinka gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀. Fọ́ọ̀mù wà fún un, ọ̀dọ̀ ìjọba ló ń lọ. Mo ti fọwọ́ sí i pé ìbọn ṣófo. Mo ti sọ bẹ́ẹ̀ fún Mísì Haldorsen nínú ilé mi, lójú ara mi. Renae ò ní nílò agbẹjọ́rò mọ́, èmi gan-an ti bá a rojọ́ tán. Bí mo bá sì dákẹ́ ńkọ́? Bóyá kò ní sí nǹkan kan. Trefon á ṣí i tí mo bá dé, á yọ ọta, á bú mi ní òmùgọ̀, á parí síbẹ̀. Ìbọn mélòó ni ọta wà lọ́fun wọn láyé yìí tí wọn ò yìn? Mo dákẹ́. Mo gbádùn ìdákẹ́ náà fún bí ìṣẹ́jú kan.

Ni mo bá wo ojú fèrèsé. Gusti wà níta lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàálù, ó jókòó lórí àpótí ìbọn Zakar, ó ń jẹ ẹja gbígbẹ.

Ọwọ́ mi ni mo fi gé ìwọ́ Gusti. Ọjọ́ tí wọ́n bí i, yìnyín dí gbogbo ọ̀nà, nọ́ọ̀sì ò rí ọ̀nà wá, èmi àti ìyá rẹ̀ nìkan ló wà nílé. Ó ti pé ọdún mẹ́tàlélógún báyìí, kò sì tíì mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó jẹ́ẹ́. Ó ń fi gìgísẹ̀ gbá àpótí náà, gbì, gbì, gbì, bó ṣe ń jẹ ẹja.

Mo dìde, mo lọ bá Olinka. Mo rẹ ohùn sílẹ̀.

"Olinka, jọ̀ọ́ ọmọ mi, bá mi gbé àpótí yẹn wọlé. Oògùn mi wà nínú ẹ̀."

"Oògùn? Nínú àpótí ìbọn?"

"Àbí èèwọ̀ ni?"

"Kì í ṣèèwọ̀, Màmá. Ẹ mú kọ́kọ́rọ́ wá, kí Gusti bá yín yọ ọ́ níta níbẹ̀."

"Gusti kẹ̀!" Ohùn mi ti lọ sókè. "Kọ́kọ́rọ́ mi ò ní kúrò lọ́rùn mi. Òfin ni!"

"Òfin ni lóòótọ́. Òfin yẹn náà ló ní a kì í ṣí àpótí ìbọn nínú ilé. Ẹ jẹ́ kó dé Anchorage."

"Màmá." Mísì Haldorsen ni. Ó ti gbé bírò rẹ̀ sókè. "Oògùn kí ni? Lánàá ẹ sọ fún mi pé ẹ kì í lo oògùn kankan."

"Ti ẹsẹ̀ ni," mo ní. "Ìpara lásán ni."

"Ẹsẹ̀ wo?" Simeon tún ti dé. "Ìyàwó wa, ẹsẹ̀ wo ló ń dùn ẹ́? Ṣebí ìwọ lo sáré fò mí kọjá lọ́sẹ̀ tó lọ, nígbà tí wọ́n ní ọsàn ti dé ṣọ́ọ̀bù!"

Mo padà lọ jókòó. Òógùn ń ṣàn ní ẹ̀yìn mi lábẹ́ kóòtù. Irọ́ mẹ́ta ni mo ti pa láàárín ọjọ́ méjì, bẹ́ẹ̀ èmi ni mo máa ń na Marfa tó bá purọ́ lórí ṣúgà. Mo ní kí Ọlọ́run jọ̀ọ́ kó jẹ́ kí Gusti dìde lórí àpótí yẹn. Ọlọ́run gbọ́. Gusti dìde, ó nu ọwọ́ sí ṣòkòtò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ju ẹrù sínú bàálù.

Àpótí tèmi ló ṣẹ́kù sílẹ̀, torí pé ó gùn. Ó gbé e, ó yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó já lulẹ̀. Mo di àga mú. Kò dún. Awakọ̀ ti wà nínú bàálù, mo ń rí ẹ̀yìn orí rẹ̀, ó ń yẹ àwọn aago iwájú rẹ̀ wò. Gusti tún un gbé, ó gbìyànjú láti tì í bọ ibi ìkẹ́rù, kò wọlé. Ó fà á jáde, ó gbé e nàró níwájú ara rẹ̀, ó fi àgbọ̀n ìsàlẹ̀ rẹ̀ lé orí àpótí náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ronú. Mi ò mọ ibi tí ẹnu ìbọn kọjú sí nínú àpótí náà. Èmi tí mo gbé e síbẹ̀ lọ́wọ́ ara mi, mi ò rántí bóyá òkè ni tàbí ìsàlẹ̀.

Gusti wá ronú tán. Ó tún àpótí náà kì bọ ibi ìkẹ́rù, ó gbé orúnkún sókè láti fi gbá a wọlé.

Mi ò mọ ìgbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà. Mo kàn gbọ́ ohùn ara mi ni.

"Gusti! Fi sílẹ̀! Ọta wà lọ́fun ẹ̀!"

Ó yíjú, ó ń rẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ ti bẹ̀rẹ̀."

"Mo ní ọta wà níbẹ̀! Mi ò yọ ọ́! Gbé ẹsẹ̀ kúrò níbẹ̀, ọmọ yìí, mo bẹ̀ ọ́!"

Ó wo ojú mi, ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó fa àpótí náà jáde díẹ̀díẹ̀, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ bí ẹni tẹ́ ọmọ tuntun, ó sì fi ẹ̀yìn rìn kúrò níbẹ̀ títí tó fi kan ìyẹ́ bàálù. Gbogbo yàrá ti jáde síta. Mo bọ́ okùn lọ́rùn, mo fún Simeon ní kọ́kọ́rọ́. Ó gbé àpótí náà lọ sídìí òkìtì òkúta tó wà lẹ́yìn ilé, ó ṣí i, ó kọjú ẹnu ìbọn sí òkìtì náà, ó sì fa ọwọ́ irin rẹ̀ sẹ́yìn.

Ọta kan fò jáde, ó balẹ̀ sórí òkúta.

Simeon ṣà á. Ó wò ó, ó wò mí, ó wo Gusti ọmọ rẹ̀. Ọkùnrin tó ti ń fi mí ṣẹ̀sín fún ọgbọ̀n ọdún, ó lọ di apá ọmọ rẹ̀ mú. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù.

Olinka mú fọ́ọ̀mù wá.

"Màmá, mo gbọ́dọ̀ kọ ọ́."

"Kọ ọ́."

"Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo bi yín."

"Mo mọ̀, ọmọ mi."

Kò gbé ojú sókè wò mí mọ́. Ó dùn mí ju kó bú mi lọ. Awakọ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú bàálù, ó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó wo kùrukùru, ó wo aago. "Ìyá lè wọlé," ó ní. "Ìbọn ò wọlé." Wọ́n ti ìbọn Zakar mọ́ yàrá ẹ̀yìn, a sì wọ bàálù.

Ìwọ̀n ló ń yan ìjókòó fún wa, ìwọ̀n ló sì fi mí sí ẹ̀gbẹ́ Mísì Haldorsen. Apá wa ń kan ara wa. A gba orí odò kọjá, òkè oníyìnyín bẹ̀rẹ̀. Mo ń wo ọwọ́ rẹ̀, mo ń retí bírò. Nígbà tó yá, ó tẹ̀ sí etí mi torí ariwo.

"Màmá, ìgbà wo ni wọ́n ti ki ọta yẹn síbẹ̀?"

Mo fẹ́ sọ pé àná. Ó ti wà lẹ́nu mi: àná, béárì kan kọjá lẹ́yìn ilé, mo ki ìbọn, mo gbàgbé. Ta ló máa já mi nírọ́? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò rẹ̀ kí n lè pa á dáadáa, ìṣírò náà ló sì tú mi fó. Láti ọdún tuntun ni Zakar ò ti lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Lẹ́yìn rẹ̀, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan ìbọn yẹn. Ní Àjíǹde, ní oṣù kẹrin, Renae jẹ́ kí Feona wá lo ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dọ̀ mi. Ẹ̀gbẹ́ sítóòfù ni mo tẹ́ ẹní fún un. Ẹsẹ̀ mẹ́ta ni sítóòfù sí ilẹ̀kùn.

Gbogbo àárọ̀ yẹn mo ti ń bẹ̀rù nítorí Gusti, nítorí adájọ́, nítorí ìwé. Ti Feona ò sọ sí mi lọ́kàn rárá.

"Ọkọ mi ló ki í," mo ní. "Kó tó kú."

"Ó kú ní oṣù kejì."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ọmọ náà sì wá ní Àjíǹde."

"Ó wá."

Ó mú bírò, ó kọ ọ́. Lẹ́yìn náà ó yọ hańkáṣíìfù nínú báàgì rẹ̀, ó fi sí orúnkún mi, kò sì wò mí títí a fi balẹ̀.

Ní aago mẹ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n ka gbogbo rẹ̀ létí adájọ́, kò dín, kò lé. Ó bi mí bóyá òótọ́ ni. Mo ní òótọ́ ni. Ó ní òun ò sọ pé kí n má gba ọmọ ọmọ mi, àmọ́ òun ò lè fún mi báyìí. Kí Feona wà lọ́dọ̀ Renae títí oṣù kẹsàn-án, kí wọ́n tún wá wo ilé mi, kí a tún wá jókòó.

Mo jáde pẹ̀lú ìbínú. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, orí mi gbóná. Mo bínú sí Renae tó ń nu ojú bí ẹni pé ọ̀rọ̀ mi dùn ún. Mo bínú sí ẹnu Simeon. Mo bínú sí Zakar nínú sàréè rẹ̀. Mo ń sọ fún ara mi pé ohun tí kò ṣẹlẹ̀ ni wọ́n fi ń jẹ mí níyà. Ẹnikẹ́ni ò fara pa! Mo pariwo, mo jẹ́wọ́, mo kó ìtìjú lójú gbogbo ìlú, èrè rẹ̀ sì rèé. Ká ní mo pa ẹnu mi mọ́ ni, Feona ni ǹ bá máa gbé lọ sílé.

Feona wà lórí bẹ́ńṣì ní kọ́rídọ̀. Bó ṣe rí mi, ó sáré wá, ó fi orí gbá mi níkùn bó ṣe máa ń ṣe.

"Màmá àgbà, ṣé à ń lọ sílé?"

"Kò tíì yá, ọmọ mi àtàtà. Tó bá di ìgbà tí èso bá pọ́n tán."

Ó ń fi ahọ́n wá ibi tí eyín rẹ̀ ti ká.

"Ṣé torí ìbọn Bàbá àgbà ni? Anti Renae ń sọ ọ́ lórí fóònù."

"Má dá wọn lóhùn. Ọ̀rọ̀ àgbàlagbà ni."

"Ẹ sọ fún wọn pé mi ò ní fọwọ́ kàn án mọ́," ó ní. "Ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Ẹ wà lẹ́yìn ilé, ẹ ń gé igi. Mo lóṣòó, mo fi àtàǹpàkò mi méjèèjì fa irin kékeré ìsàlẹ̀ yẹn. Ó le, kò lọ. Ni ẹ bá pè mí pé kí n wá jẹun."

Mo kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ kóòtù níbẹ̀, mo dì í mọ́ra. Mi ò mọ bó ṣe pẹ́ tó. Renae ló fọwọ́ kàn mí léjìká nígbà tó yá, ó ní kí n jọ̀ọ́ kí n dẹwọ́ díẹ̀, pé ọmọ náà ní ó ti ń dun òun.